Ẹni Tó Ń Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Làmídì

Ní ọjọ́ fídáù Bàbá Làmídì, mo gbọ́ pé onísùúrù ènìyàn ni. Mo gbọ́ pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, àti pé ojú tó ń ṣú u ló mú kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú. Àáfà sọ ọ́, àwọn àgbà mi orí, a sì ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, nítorí àdúrà ni wọ́n fi parí irọ́ náà, mi ò sì lè fi àdúrà du òkú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n ń ròyìn yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ kọ.

Àbúrò bàbá bàbá mi ni, àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Nínú ilé tiwa, bàbá àgbà náà nìyẹn, a kò ní orúkọ mìíràn fún un. Àwọn ará Santasi, àdúgbò tó ń gbé ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, ń pè é ní Agya Làmídì, Bàbá Làmídì náà ni ní èdè Twi tí àwọn Asante ń sọ. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Fítà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe mẹkáníìkì ní Kumasi. Ó kúrú, ó dúdú, ọrùn rẹ̀ sì ki. Kò mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn pẹ́. Bí o bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, yóò dáhùn, yóò sì máa wò ọ́ títí o fi máa sọ ohun tí o bá wá. Ìdúró ló máa ń mu kókó àárọ̀ rẹ̀, kóósé, ìyẹn àkàrà, lọ́wọ́ kan, ife lọ́wọ́ kejì, ojú rẹ̀ lára ọkọ̀ tó bá wà níwájú. Mi ò rí i kó jókòó jẹun rí títí di ọdún tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó máa ń jà. Ó bá ẹni tó ń ta irin jà, ó bá ẹni tó ń jó irin jà, ó bá àáfà mọ́ṣáláṣí àdúgbò jà lórí àlùwàlá. Àáfà ní gíríìsì tó wà ní èékánná rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi kan ara, nítorí náà àlùwàlá rẹ̀ kò pé, kí ó máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó tó wá dúró sí sàfù. Bàbá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti fi iyanrìn fọ̀ ọ́, ó ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Gíríìsì ti di àwọ̀ ara rẹ̀. Àáfà kò dákẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó tún sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn, Bàbá sì na ọwọ́ méjèèjì sí i níwájú, ó ní, "Bí omi kò bá dé ibí yìí, òógùn mi ti dé ibẹ̀ kí omi tó jí."

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Kumasi, ọjà ni wọ́n mọ̀ wá mọ́. Bàbá bàbá mi ta aṣọ ní ọjà Asafo, bàbá mi ta aṣọ ní Asafo, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn tí mo bá nínú ilé. Bàbá Làmídì ló kọ́kọ́ yà. Wọ́n fi í sínú ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó máa ṣọ́ ọjà, ibùdókọ̀ àwọn lọ́rì tó wà lẹ́yìn ọjà ló sì máa ń lọ, tí aṣọ yóò wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tó ní iṣẹ́ fítà lòun fẹ́ kọ́, bàbá bàbá mi sọ fún un lójú gbogbo ilé pé ẹni tó bá fẹ́ máa sùn sábẹ́ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wá sùn sábẹ́ òrùlé òun mọ́. Mo rò pé ó kàn fẹ́ fi dẹ́rù bà á ni. Bàbá Làmídì ká ẹní rẹ̀, ó sì lọ sùn sábẹ́ lọ́rì ní ti gidi, títí ọ̀gá fítà kan, ọmọ Asante, fi gbà á síṣẹ́ ní Santasi. Mo bi í léèrè nígbà tí mo dàgbà pé kí ló dé tí kò bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ibi tí mi ò gbọdọ̀ sùn ló sọ. Kò sọ ibi tí mo lè sùn."

Ní ọdún tí ìjọba Gánà ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn, ọmọdébìnrin ni mí. Ilé wa tú. Bàbá mi àti ìyá mi wọ lọ́rì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àwọn àbúrò mi. Èéyí ń ṣe mí lọ́wọ́, àwọn èrò lọ́rì kò sì gbà kí n wọlé. Wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Làmídì, ẹni tí àwọn ẹbí Maame Serwaa, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Asante, fi ara bò. Àwọn òbí mi ní àwọn yóò padà wá mú mi. Wọn kò padà wá. Ìyá mi máa ń fi ìkíni ránṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn oníṣòwò, àmọ́ ìkíni kì í gbé ọmọ délé. Bàbá Làmídì kò bi mí rí bóyá àárò wọn ń sọ mí. Ní ọjọ́ tí lọ́rì náà lọ, ó gbé abọ́ fùfú síwájú mi, ó dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Ẹni tó lọ ti lọ. Ìwọ ló wà níbí. Jẹun."

Òun ló rán mi níwèé títí mo fi di olùkọ́, kì í sì í ṣe àánú ló mú un ṣe é. Ó ní òun fẹ́ ẹnì kan nínú ilé tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀yà ọkọ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìjókòó iwájú, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìjà ilé wa dúró lé. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ Bàbá mọ́ ni ìdarí ọkọ̀: ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ le, èyí tí sítíárìn rẹ̀ rọ̀ jù, èyí tó ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí ọkọ̀ tó ti fọwọ́ kan ìdarí rẹ̀ tí yóò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń dán an wò. Kì í mú ọmọṣẹ́. Kì í mú ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, tàbí ìyàwó rẹ̀. Yóò gba ọ̀nà Obuasi, yóò sáré, nígbà tó bá sì dé ibi tí ọ̀nà tẹ́jú, yóò ká ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí sítíárìn, yóò gbé wọn lé itan bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, yóò padà lọ pe oníbàárà. Bí ó bá yà, yóò padà láìsọ̀rọ̀, ọkọ̀ náà yóò sì tún sùn ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, èmi ló máa ń gbé jù. Mo máa ń di ìlẹ̀kùn mú, mo máa ń ka Fátíhà títí yóò fi dàrú mọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tí Maame Serwaa lóyún, ó kọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó sì sọ ọ́ ní Twi kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ pé òun kì í ṣe àpò iyanrìn, pé bí Làmídì bá ń wá ẹrù tí yóò fi dán ọkọ̀ wò, kó lọ wa iyanrìn létí odò. Àwọn fítà tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti bọ́ sí ilé ìwé tí à ń gbé, nítorí náà ó ní ọkọ̀ náà yóò dúró títí mo fi máa dé ní ìsinmi. Ẹni tó ni ọkọ̀ bínú, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ fítà mìíràn. Maame Serwaa bi í pé irú ọ̀bọ wo ló ń lé oníbàárà báyìí. Ó ní, "Ẹni tí kò lè fi tirẹ̀ jókòó síbẹ̀, kó má fi ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀."

Ọmọ tó wà nínú oyún yẹn ni Muniru.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Nípa ìbátan, Muniru jẹ́ bàbá mi, nítorí òun àti bàbá mi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Nípa ọjọ́ orí, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo fa ikun imú rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìbátan ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí lọ. Ràbí ni ó ń pè mí, gbẹrẹfu, bí ẹni tó ń pe ọmọ tó fẹ́ rán níṣẹ́. Ó ní ọwọ́ fún iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò kàn lè dúró kí nǹkan jinná ni. Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, Muniru ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, Muniru ló ń pín iṣẹ́, títí ọjọ́ kan tí a dé ṣọ́ọ̀bù tí a bá pátákó tuntun lẹ́nu ọ̀nà, "Muniru àti Àwọn Ọmọkùnrin Rẹ̀" ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé ọmọbìnrin nìkan ló bí. Mo ka pátákó náà fún Bàbá, ó gbọ́ ọ tán, ó wọlé lọ sí ìdí iṣẹ́.

Ní ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ àwọn onígẹdú àti ti àwọn tó ń lọ sí oko kòkó ni wọ́n máa ń gbé sókè kí abẹ́ wọn lè ga kúrò nílẹ̀, nítorí ẹrẹ̀. Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tó lówó lọ́wọ́ ló ń gbé jíìpù sókè kí aráyé lè rí wọn. Gbígbé e sókè kò le. Wọn yóò fi sípíríìngì tó ga rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, wọn yóò fi táyà ńlá sí i, ó tán. Ohun tó le wà nísàlẹ̀. Ọ̀pá kan wà tó ti ọ̀dọ̀ sítíárìn lọ bá táyà, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ awakọ̀ dé ilẹ̀. Ọ̀pá kejì ló di irin ńlá tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ mú mọ́ ara ọkọ̀, kó má baà yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì. Ọ̀pá méjèèjì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ bákan náà, kí wọ́n jọ máa gòkè, kí wọ́n jọ máa sọ̀ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ga tí wọn kò sì tún ibi tí wọ́n ti dè wọ́n ṣe, ọ̀kan yóò dà gẹ̀rẹ́ ju èkejì lọ. Ìgbàkígbà tí táyà bá kan kòtò, ọkọ̀ yóò yà láìjẹ́ pé awakọ̀ yà á. Ẹsẹ̀ iwájú tó yẹ kó fẹ̀yìn tì díẹ̀, bíi fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́, yóò dúró ṣánṣán, sítíárìn kò sì ní fẹ́ padà sáàárín. Bí ihò tí bóòtù wọ̀ bá tún wá jẹ tó sì fẹ̀, táyà yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bàbá kì í fi àlàyé gígùn yọ àwọn ọmọṣẹ́ lẹ́nu lórí èyí. Ohun tó máa ń sọ fún wọn ni, "Bí ẹ bá gbé ilé sókè, ẹ gbé àtẹ̀gùn rẹ̀ náà."

Jíìpù tó fọ́ ilé wa jẹ́ ti Bọ́ọ̀sì Yaw, ìyẹn Ọ̀gá Yaw, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ra kòkó ní ìgbèríko. Jíìpù náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí Yaw fi ní láti di nǹkan mú kó tó lè gòkè sínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Muniru gbé e sókè tán, ó ń gbọ̀n. Kì í gbọ̀n nínú àdúgbò, àfi bó bá sáré tó sì kan kòtò. Muniru wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ fítà ń ṣe títí di òní. Ó de ṣọ́ọ̀kì kékeré kan mọ́ ọ̀pá sítíárìn, èyí tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ awakọ̀ mọ̀ pé nǹkan ń gbọ̀n nísàlẹ̀. Gbígbọ̀n náà dákẹ́. Ohun tó fà á kò lọ síbì kan.

Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbé oúnjẹ wá fún Bàbá. Ó wọ abẹ́ jíìpù náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní kí Muniru yọ ṣọ́ọ̀kì yẹn, kó tún ọ̀pá méjèèjì dè. Muniru ní, "Papa, ɛnyɛ hwee," pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé oníbàárà ń dúró. Bọ́ọ̀sì Yaw wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó wọ dígí dúdú, ó ń fi fóònù ya jíìpù rẹ̀. Bàbá ní kò burú, kí wọ́n dán an wò. Muniru ní òun ti dán an wò. Bàbá bi í pé ta ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Muniru rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn ọmọṣẹ́, ó ní àṣà àwọn ará àtijọ́ nìyẹn, pé ọkọ̀ òde òní kì í mọ ẹni tó jókòó.

Hádíjà, ìyàwó Muniru, ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá tọ́ka sí i.

"Pe ìyàwó rẹ kó jókòó síwájú. Wà á dé ọ̀nà Obuasi, kí o sì ká ọwọ́ kúrò."

"Papa, Hádíjà ń tajà."

"Mo máa bá a tà á."

Muniru bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú àkísà, ó ń nu ibi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ lára jíìpù náà. Bàbá dúró, ó dúró pẹ́, gbogbo wa rí i pé ó dúró. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Bọ́ọ̀sì Yaw, ó bá a sọ ọ́ ní Twi:

"Ọmọ mi kò lè fi ìyàwó rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ yìí. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ní ìyàwó?"

Bọ́ọ̀sì Yaw yọ dígí ojú rẹ̀. Ó wo Muniru, ó wo Hádíjà, ó tún wo Muniru. Ó gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi lé Bàbá lọ́wọ́, ó sì sọ pé kí Muniru má tún fọwọ́ kan nǹkan òun mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo Santasi ti gbọ́ pé bàbá Muniru ló fi ẹnu ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́ níwájú oníbàárà.

Muniru ní kò sí àyè fún jíìpù náà ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo ní kí Bàbá gbé e wá sí àgbàlá mi ní Ayigya, kí n sì jókòó tì í lọ́nà. Ó ní rárá, ọkọ̀ tí òun mọ̀ pé kò dára, òun kì í fi ènìyàn jókòó sínú rẹ̀. Mo wọ tìrótìró, ọkọ̀ akérò, tẹ̀lé e. Nígbà tí mo délé, mo bá a lórí àpótí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú korobá omi. Ó ní táyà kan kòtò, ṣọ́ọ̀kì kékeré yẹn já, sítíárìn sì yí lójijì, ó gbá òun lọ́rùn ọwọ́. Jíìpù náà fúnra rẹ̀ yà lọ sí apá kejì ọ̀nà, síwájú lọ́rì gẹdú kan. Ó ní awakọ̀ lọ́rì náà ló yẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ọjà kò kún lónìí. Mo ní kí n lọ pe Muniru kó wá wo ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́, mo sì pa á mọ́ títí wọ́n fi sin ín.

Ọwọ́ òsì ló fi tún jíìpù náà ṣe. Ó pe ẹnì kan tó ń jó irin wá, ó dúró lé e lórí, ó sì bá a jà títí tí wọ́n fi ṣe ìdè tuntun fún ọ̀pá méjèèjì, tí wọ́n dí ihò tó ti jẹ, tí ẹsẹ̀ iwájú sì tún fẹ̀yìn tì bó ṣe yẹ. Nígbà tó parí, ó pè mí. Orúnkún ti ń dùn mí nígbà náà, mo gun àpótí kí n tó lè wọlé. A gba ọ̀nà Obuasi. Ó sáré ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ó ká ọwọ́ kúrò, èyí tó dára àti èyí tó fi aṣọ dì, ó gbé wọn lé itan. Ojú ọ̀nà kò tẹ́jú dáadáa níbẹ̀, mo rí kòtò kan tó ń bọ̀, mo di ìlẹ̀kùn mú gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe. A gba orí kòtò náà. Jíìpù náà kò yà. Bàbá kò wò mí, ó ń wo iwájú, ó ní, "Wò ó bó ṣe ń lọ. Kò bi ẹnì kankan léèrè ọ̀nà."

Bí jíìpù náà bá ti pa ènìyàn ni, wọn ì bá ti pe Bàbá ní wòlíì. Kò pa ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀sì Yaw ń gùn ún kiri, kò sí nǹkan tó ṣe é, àwọn ẹbí wa sì fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé kò sí nǹkan tó ṣe jíìpù náà látilẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé sí ilé Alhaji Bùsárì ní Asafo, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Alhaji Bùsárì ni àgbà ẹbí wa nínú àwọn tó padà wá sí Kumasi, ẹni tó ń ta aṣọ títí di òní, ẹni tí kò dáríjì Bàbá rí pé ó yàn láti máa dọ̀tí. Àwa obìnrin jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Wọ́n ní ọmọ laṣọ, pé Bàbá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ra sílẹ̀ lójú àwọn Asante, pé àwọn oníbàárà Muniru ti ń lọ. Wọ́n ní kó sọ níwájú Muniru pé òun ṣì í wò ni, kí ọ̀rọ̀ náà parí, kí wọ́n mu omi. Bàbá ní òun kò ṣì í wò. Ó ní ọkọ̀ náà kò dára, òun ti tún un ṣe, ó ti dára.

Alhaji Bùsárì bi í pé, "Làmídì, ta ló kú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dìgbà tẹ́nì kan bá kú?"

Mo rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ agbádá. Ó ṣì wú. Ohun tó kù fún un kò ju kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè lọ, kí gbogbo wọn sì dákẹ́. Kò ká a. Wọ́n ní bí kò bá bẹ̀bẹ̀, kó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi yọ ọ́ lápò, ó gbé e sórí ẹní, ó wá bàtà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi í nípa ọjọ́ náà, nígbà tí a ń padà lọ sílé. Mo ní kí ló dé tí kò fi ọwọ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Ó ní, "Ṣé kí n wá fi ọwọ́ mi jẹ́rìí pa ọmọ mi ni?"

Ọdún tó tẹ̀ lé e pọ̀. Ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé rẹ̀ ní Santasi. Maame Serwaa ti kú ṣáájú gbogbo èyí. Muniru ń gbé iwájú ilé kan náà. Ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ nípasẹ̀ Hádíjà, oúnjẹ tó dára, pẹ̀lú ẹran. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ yàrá náà. Bí Hádíjà bá gbé abọ́ kalẹ̀, Bàbá yóò bi í léèrè bóyá Muniru béèrè nǹkan kan. Hádíjà yóò ní ó ní kí òun kí i. Bàbá yóò ní ó dára, yóò sì jókòó jẹun. Ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣí tán mọ́, ó ń fi tòsì jẹun, àwọn tó sì rí i ń sọ pé àgbà ń sọ ọ́ di kèfèrí.

Ohun tó ń retí kò ju ìbéèrè kan lọ. Kò retí kí Muniru bẹ òun. Ó fẹ́ kó wọlé, kó jókòó, kó ní Papa, kí lẹ rí lábẹ́ jíìpù yẹn? Kó bi í gẹ́gẹ́ bí fítà ṣe ń bi fítà. Ó ti tò ó sílẹ̀ lọ́kàn bó ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi lórí ibùsùn, ọ̀kan fún ọ̀pá àkọ́kọ́, ọ̀kan fún ìkejì, ó ní bẹ́ẹ̀ lòun yóò ṣe fi yé Muniru. Mo ní kó jẹ́ kí n pè é wá. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n pè wá kò béèrè. Ó kàn dáhùn ìpè ni."

Mo lọ bá Muniru láìjẹ́ kí Bàbá mọ̀. Muniru jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo ní kó lọ rí bàbá rẹ̀, pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Ó ní bí Papa bá ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun, òun yóò lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ le. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ràbí, bàbá rẹ ni mí. Ṣé ìdúró lo ti ń bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀?"

Àwọn ọmọṣẹ́ ń wò wá. Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, orúnkún mi kì í sì í tẹ̀ láìsí ìrora, síbẹ̀ mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo ọkọ̀ dà sí níwájú ọmọ tí mo nu ìdí fún, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó jẹ ẹ̀pà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, kí n dìde. Kò lọ.

Bàbá kú ní àsìkò ọyẹ́, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, orí ẹní ìrun ni Hádíjà ti bá a. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ náà. Muniru ló wọ inú sàréè láti gbà á lọ́wọ́ àwọn tó gbé e, ó sì sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti dì í mú jáde. Àwọn ènìyàn ní irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Ní fídáù ni wọ́n sọ èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ojú tó ń ṣú àti sùúrù. Alhaji Bùsárì ló sọ fún àáfà ohun tí yóò sọ. Mo jókòó nítòsí, mo gbọ́ ọ.

Nígbà tí àwọn èrò tú ká, mo ń ká ẹní ní àgbàlá. Muniru wá bá mi. Ó dúró bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ó pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ ìbátan, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń sọ̀rọ̀ ní Twi, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, jíìpù Bọ́ọ̀sì Yaw yẹn. Kí ni Papa rí níbẹ̀? Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

Mo wò ó. Irun ti funfun lórí rẹ̀. Mo rí i pé kì í sùn. Mo mọ ohun tó ń béèrè, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀, láti orí ọ̀pá méjèèjì dé orí lọ́rì gẹdú, dé orí ọrùn ọwọ́ tí kò tọ́ mọ́.

Mo ní, "Inú yàrá ẹ̀yìn ló ti ń retí kí o wá bi òun."

Ó ní òun mọ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́. Mo ká ẹní tó kù, mo gbé e wọlé, mo sì wọ tìrótìró lọ sí Ayigya.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ èyí, díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ohun tó béèrè ló wà nínú rẹ̀. Twi àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ Muniru nílé ìwé. Kò lè ka Yorùbá, kò sì fẹ́ kọ́ ọ nígbà tí mo fẹ́ fi kọ́ ọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú kálámù. Bí ó bá fẹ́ mọ̀, kó lọ sí Asafo, kó wá àgbà kan tí yóò kà á sókè fún un, kó sì jókòó gbọ́ ọ lójú gbogbo wọn títí yóò fi parí.